Ilẹ̀ Tí Kò Lọ Gbẹ́

Èmi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ara rẹ̀ ṣòfò lójú mi, iṣẹ́ físíò, ìtọ́jú eegun àti iṣan, tí mo ń ṣe ní Dallas kò sì jẹ́ kí n rí nǹkan mìíràn wò. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wá sí kílíníìkì wa nítòsí Vickery Meadow, mo wo orúnkún rẹ̀, mo ní, "Háà! Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ dànù.

Họ́kì orí yìnyín ló ń gbá jẹun. Kì í ṣe òun ló ń jẹ góòlù o; ẹ̀yìn ló ń dúró sí kí ẹlòmíì má baà jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbá rọ́bà dúdú líle tí wọ́n ń lò bíi bọ́ọ̀lù bọ̀, ara ló fi ń gbà á. Wọ́n ń sanwó fún un kí wọ́n lè máa lù ú, àbí kí ni kí n pè é? Ọmọ onílẹ̀ ni, láti òkè lọ́hùn-ún ní Kánádà, ìran àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Màmá yẹn ló máa ń da omi sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òtútù kó lè dì, kí ọmọ náà lè rí ibi gbá họ́kì.

Ó ti gbá a káàkiri ìlú kéékèèké títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nírùngbọ̀n rẹ̀ kí kilọ́ọ̀bù ńlá kan tó pè é. Dókítà wọn máa yẹ orúnkún náà wò lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá yege, á gbá ti ọ̀sán Sátidé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíì ti ń dúró de àyè rẹ̀, ta ló sì tún máa pe àgbàlagbà bíi tiẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù rẹ̀ dún lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹkún. Màmá tó tọ́ ọ ti kú, Sátidé sì ni wọ́n máa sin ín.

Ó ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ lọ́kùnrin ló ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Ilẹ̀ á ti le bí òkúta nítorí òtútù, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ dáná lé e lórí kó lè rọ̀, kí wọ́n tó ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Òun nìkan sì ni ọmọ-ọmọ ọkùnrin tí màmá ní.

"Màá, kí ni kí n ṣe?"

"Kí lò ń bi mí sí? Gba ilé lọ! Ṣé họ́kì ló tọ́ ẹ ni? Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Ó wò mí. Mo ti sọ fún un rí pé ìyá mi kú ní Ìbàdàn. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ lọ sin ìyá yín?"

Ìwé ìgbélùú mi ò tí ì jáde nígbà yẹn. Bí mo bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, mi ò ní lè wọlé mọ́. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí níwájú ilé mi ní Forney, tí mo ń wò wọ́n lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀ sí ìyá mi lára. Nẹ́tíwọ̀kì tún já. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún un. Mo ní, "Èmi, wọ́n dè mí lẹ́sẹ̀ ni. Ìwọ, ta ló dè ẹ́?"

Ó ní màmá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé kó má ṣe fi yìnyín sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Òkú ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, a wá ń fi ohun tó sọ nígbà ayé rẹ̀ gbèjà ara wa.

Ó yege lọ́jọ́ Ẹtì. Ní Sátidé, mo búra pé mi ò ní wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì wò ó. Eré ò tíì dé ìdajì tó fi dùbúlẹ̀ síwájú rọ́bà bó ṣe máa ń ṣe, ni ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan bá ṣubú lé orúnkún yẹn. Mo kígbe débi pé ọmọ mi obìnrin sáré wọ pálọ̀, ó ń fi òyìnbó bi mí ohun tó ṣe mí. Inú ń bí mi, àánú ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.

Igi ló fi ń tilẹ̀ nígbà tó padà wá. Kilọ́ọ̀bù ti jọ̀wọ́ rẹ̀, dókítà sì ti ní kó gbàgbé họ́kì. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí pé ẹnì kan dì í mú. Mo gbìyànjú láti pa ẹnu mi mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo bi í pé ta ló wá gbẹ́ ilẹ̀ màmá.

"Katakata ni," ó ní. "Wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń la títì. Àbúrò ìyá mi ní kò pẹ́ rárá."

Mo di orúnkún rẹ̀ mú, mo ní kó na ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n sunkún ná."