Oríkì Àrẹ̀mú Tí Wọ́n Gbé Lé Òkú Olókùú Lórí

Ẹni tó bá ń wá irọ́ dídùn, kó má ya ọ̀dọ̀ Ọládùnní. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì gbá inú ọkọ̀ ojú irin ní Barking nílùú òyìnbó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ojúkojú ló ń sọ tiẹ̀. Wòlíì ìjọ wọn ríran lọ́jọ́ kan pé ó máa rìnrìn àjò. Ó dìde láàárín ìjọ, ó ní, “Ṣebí èmi ni mo sọ fún yín lánàá pé mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì!”

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló fara da ẹnu yẹn, Morónkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ọkọ lé Ọládùnní jáde, tòun ti Tiwaladé ọmọ rẹ̀, ilé Morónkẹ́ ló sùn. Ó ti di ọgbọ̀n ọdún. Ohun kan wà tí Morónkẹ́ kì í sọ kí omi má bọ́ lójú rẹ̀: baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa ní Ìmagbọn lọ́dún 1892, nígbà tí òyìnbó jagun wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Jésùfẹ́mi, ọmọ ìjọ wọn kan, ló wá lóun fẹ́ fi ogun náà ṣe fíìmù. Ó wá bá Ọládùnní nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valence Park, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ki baba ńlá tiẹ̀, Àrẹ̀mú.

“Má yọ ìkankan níbẹ̀ o,” ni Ọládùnní wí. “Má sì kó òyìnbó nìkan síbẹ̀. Wọn ò pọ̀ rárá. Háúsá pọ̀ nínú ọmọ ogun wọn, àwọn ará Ìbàdàn náà sì bá wọn lọ.”

“Mo ti gbọ́, Mọ́mì.”

Gbọ́ ti ẹ̀tàn! Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n wo fíìmù náà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, òyìnbó funfun báláú nìkan ló ń yìnbọn, gbogbo wọn nínú ẹ̀wù pupa. Kò sí adúláwọ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn. Inú bí Ọládùnní débi tí ó ń kùn sókè. Ìgbà náà ni ìbọn ba akọni Ìjẹ̀bú inú fíìmù, ó ṣubú sódò, ohùn Ọládùnní sì gba gbogbo gbọ̀ngàn: “Ìbọn ń ró, Àrẹ̀mú ń rìn, ẹni ikú ń lé tí kò wẹ̀yìn.” Wọ́n ti gé èyí tó tẹ̀ lé e: “Ọmọ a-bá-òyìnbó-wọ-Ìjẹ̀bú.” Oríkì ẹni tó yìnbọn ni wọ́n fi ń ki ẹni tí ìbọn pa.

Morónkẹ́ ti ń sunkún. Ó di ọwọ́ Ọládùnní mú. “Ìyá Tiwaladé, o ṣeun. O bá mi ki baba mi.”

Bí Ọládùnní bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù sì bà á, torí kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé. Ṣùgbọ́n ìbínú ti gbé ẹnu rẹ̀ lọ.

“Kì í ṣe baba tìẹ ni mo kì. Baba tèmi ni, ó wà lẹ́yìn òyìnbó lọ́jọ́ náà. Òpùrọ́ ọmọ yìí ló gé e!”

Jésùfẹ́mi sáré dé. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ wo fíìmù tí èèyàn dúdú ti ń pa èèyàn dúdú?”

“O fọ ọwọ́ wa mọ́, o wá fi ohùn mi nù ún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá.”

Morónkẹ́ ò tiẹ̀ wo Jésùfẹ́mi. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti kékeré.”

“Gbogbo ìgbà tí mo ń sunkún sí ọ létí, o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“O sì ń bá mi ṣépè fún òyìnbó,” ni Morónkẹ́ wí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sáàárín àwọn ẹlòmíì.