Hítà Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Òórùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: òórùn eruku tó ń jóná, irun orí àjèjì, àti aáyán tó yan gbẹ sínú irin. Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, la wà nígbà náà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò, nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín sí yàrá kéékèèké. Ẹnì kan tó ti gbé ibẹ̀ rí, ará ìlú olótùútù, ló kan hítà gbọọrọ, irin tó ń mú yàrá móoru, mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri tó bọ́ sí yàrá wa. Àwa tí a ti inú ooru wá sínú ooru, kí la fẹ́ fi hítà ṣe? Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣàdédé gbóná, kò sì kú mọ́.

Bọ́tìnì kankan kò sí lára rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo tan iná fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ṣeé sọ nídìí oúnjẹ. Mo pa súìṣì ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, hítà kú, ṣùgbọ́n fíríìjì gbogbo ilé bá a kú, kò sì pẹ́ tí ẹnì kan fi tàn án padà, tó ń bú ẹni tó fẹ́ ba ẹja òun jẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n wá da tówẹ̀lì tútù bò ó. Yàrá ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sè. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé dé, ó fi bàtà gbá irin náà, ó ní, "Khalas, madam, finish!" Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi rí i pé kò sí ohun tó yí padà.

Lẹ́yìn pákó wa, obìnrin ọmọ ilẹ̀ wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tó ń ra wíìgì ní ọjà Deira ránṣẹ́ sí Èkó. Ó jù mí lọ. Ìyàwó ló ń pè mí, Àǹtí ni mo ń pè é. Nítorí ọjà rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbá pákó: "Ìyàwó! Kí lẹ̀ ń sè ná? Ooru yín ń wọlé wá bá mi o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ìdí àwo tí mo ń fọ̀ dé, mo rí bèbí rọ́bà ọmọ mi lórí hítà. Ojú bèbí náà ti yọ́ wálẹ̀, ọwọ́ ọmọ mi sì ti ń lọ síbẹ̀ láti fà á. Mo já a gbà. Ìgbà náà ni mo tọ wáyà irin náà dé ibi tó lọ: inú pákó ló wọ̀, sọ́dọ̀ Àǹtí.

Mo pọn ọmọ, mo lọ kanlẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ara ògiri yín."

"Ògiri àbí wíìgì?"

"Ẹ wo bèbí yìí, Àǹtí. Ọwọ́ ọmọ mi ló kù."

Ó wò ó, ó yà fún mi.

AC ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, síbẹ̀ ooru wa ti wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn àwọn páálí, ohun róbótó kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí wà lára pákó. Wọ́n ti yí i dé òpin.

"Ta ló yí èyí?"

"Èmi ni. Ṣebí ti AC ni? Bí ooru yín ṣe ń pọ̀ ni mo ń fi kún un."

Mo yí i padà títí kò fi lọ mọ́. Ní òdìkejì pákó, irin náà dún kẹ́, ó dákẹ́.

"Yéè! Èmi ni mo ń dáná sun ara mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in.

Ó ti pẹ́ tí a ti kó kúrò níbẹ̀, ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ìríra ilé yẹn kò tíì tán nínú mi. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò jìnnà sí wa ju pákó kan lọ, àmọ́ ẹni tó pín ilé náà nítorí owó ti fi iná sọ́dọ̀ wa, ó fi ohun tí a ó fi pa á sọ́dọ̀ Àǹtí. Yàrá yòówù tí a bá gbà báyìí, n kì í sọ ẹrù kalẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí n ní kó jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ògiri mi. Ọkọ mi àti ọmọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in. Òórùn yẹn kò sí nímú tiwọn.