Ìyá Òkè Tó Kú Lójú Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham níbí, mo rí òkú tó ń mu tíì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi.

Yàrá méjì la ní nísàlẹ̀ ilé kan lẹ́yìn Rye Lane. Òyìnbó arúgbó kan, ará Rọ́ṣíà, tó ní àpá kékeré lókè ètè, ló ń gbé òkè wa. Ìyá Òkè là ń pè é. Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, nítorí náà Ìyá Òkè ló máa ń mú mi níléèwé, tó ń fún mi ní tíì tí kò ní mílíìkì títí ìyá mi yóò fi dé. Láìsí i, iṣẹ́ ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Kò sẹ́ni tó ń wá kí i. Kò sí fọ́tò kan lára ògiri rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, fíìmù àtijọ́ kan ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ yíjú sí wa, mo rí àpá kékeré náà lókè ètè rẹ̀. Ìyá Òkè ni! Kí n tó pariwo, wọ́n ti yìnbọn fún un. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ nínú yìnyín, wọ́n sin ín.

Ìyá mi káwọ́ lérí. “Aúsù bílláhì! Àkúdàáyà ni!”

Ẹ̀yin tí a bí síbí lè má mọ̀ ọ́n: ẹni tó kú nílùú rẹ̀, tó wá ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́ mi nílé kéú pé òkú kì í padà títí di Ọjọ́ Àjíǹde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún gbì, gbì lókè àjà wa, gbogbo ẹ̀kọ́ mi sì fò lọ.

“O ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́,” ni ìyá mi wí.

“Ta ló máa wá mú mi níléèwé?”

Ilẹ̀kùn ló dáhùn. Ìyá Òkè ló kàn án, ó fẹ́ dá ìkòkò wa padà. Ìyá mi ka Áyátúl Kúrísíyù tí í lé iwin parí, obìnrin náà kò pòórá.

Ẹnu mi ló yá. “Ìyá Òkè, ṣé ẹ ti kú rí ni?”

Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ilé iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ti mú mi lọ ṣe fíìmù. Wọ́n yìnbọn fún mi, mo rì sómi, ikọ́ pa mí. Wọ́n ní ojú mi yẹ ikú.” Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. “Nígbà tí a wá ṣeré ní London, tí n kò bá wọn padà, ìjọba ilẹ̀ wa yọ orúkọ mi kúrò nínú gbogbo fíìmù. Wọ́n ní kí ìyá mi fọwọ́ síwèé pé òun kò bí mi. Ó sì fọwọ́ sí i.”

Jìnnìjìnnì tó mú ìyá mi nígbà yẹn ju ti àkúdàáyà lọ. “Ìyá tó bí yín lọ́mọ? Ínnà lilláhi!” Ó gba ìkòkò, ó bu ìrẹsì sí i. “Ẹ jókòó.” Láti ọjọ́ náà kò pè é ní Ìyá Òkè mọ́. “Ìyá” pẹ̀lú orúkọ mi ló fi ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ìyá ọlọ́mọ.

Nísinsìnyí, ṣọ́ọ̀bù onídìrí wà níbi tí ilé wa wà, fíìmù sì wà lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi bá mi rí ti ọjọ́ náà. Mo kígbe nínú bọ́ọ̀sì: orúkọ rẹ̀ ti padà sínú fíìmù, òun ló ṣáájú gbogbo wọn! Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò pé. Wọn kò fi orúkọ tèmi kún un.