Ojú Màámi Nínú Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́

Ọ̀rẹ́ màámi kan wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ wá sí Èmùré láti wá bá wa kẹ́dùn ikú màámi. Màámi ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Obìnrin náà figbe ta, ó fò sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Bí kò bá ṣe èmi, ta ló tún wà nínú ulé mi? Mú bàtà rẹ, kí o wọlé."

Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Kò yé mi, àfìgbà tí àlejò náà tú ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní òun rí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ màámi lára ògiri ilé ìyàwó ọmọ òun, òun sì rí i pé wọ́n ti kun ojú ọ̀rẹ́ òun. Ẹni tó bá mọ ilé àwọn àgbàlagbà wa mọ àṣà yẹn. Nínú fọ́tò ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, wọn a fi báírò fa àgbélébùú sórí ẹni tó bá ti kú. Àwọn mìíràn a kun ojú rẹ̀ pátápátá.

Mo lọ wo kàlẹ́ńdà tiwa dáadáa. Obìnrin mẹ́tàdínlógójì ló wọ aṣọ funfun. Ojú mẹ́rìndínlógójì ń dán. Ọ̀kan yòókù, ní ìlà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, dúdú bí ìdí ìkòkò. Gèlè funfun wà lókè, kọ́là funfun wà nísàlẹ̀, kò sí imú, kò sí ẹnu láàárín wọn. Ó ti tó oṣù kan tó ti wà lára ògiri wa, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nínú wa.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Wọ́n ti gbé mi kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé méjì sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó ṣe kàlẹ́ńdà náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n sọ alààyè di òkú. Mo kọ ọ́ pé gbogbo olóyè ẹgbẹ́ tó jókòó níwájú ló mọ́lẹ̀ rekete, ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n ti wá ẹni tí wọn yóò sọ di òkùnkùn. Mo kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Màámi ní, "Ìwọ àti uwé kíkọ. Ṣé wọ́n gé ọ lẹ́nu ni?"

Ẹ̀bá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹ́rẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Obìnrin kan tó lóyún ńlá ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Ó ka ìwé mi dé ìparí, ó tún padà ka ojú ewé kìíní.

"Tíṣà, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò náà pọ̀."

Ó ṣí i lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnu yà mí. Ojú màámi wà níbẹ̀ pé pérépéré, títí kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó máa ń wú díẹ̀ bó bá ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ó ní oòrùn ọ̀sán ló fa wàhálà. Aṣọ funfun gba gbogbo ìmọ́lẹ̀, gbogbo ojú ṣú. Òun wá ń tan ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi àmì kan hàn mí, ó dà bí igi tín-ín-rín tó ní orí róbótó; ibi tí ó bá fi kọjá, a mọ́lẹ̀. Àmì kejì dà bí ọwọ́ kékeré. Ibi tí ó bá fi pa, a ṣú.

"Ta ló wá ní kí o fi ọwọ́ pa ojú màámi?"

"Ìyá yín fúnra wọn ni, sà."

Ó ní nígbà tí ẹgbẹ́ wá yẹ iṣẹ́ náà wò, màámi rí ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ta ló bó mi? Dá àwọ̀ mi padà!" Ó dúró ti òun títí òun fi pa á ṣú débi tó fẹ́. Ó dára lójú ẹ̀rọ. Yíǹkì ìtẹ̀wé ló gbé e mì.

Ohun tó sọ yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ síta. Bébà kò ní ju èyí tó bọ́ sí i lára lọ. Síbẹ̀ mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò lórí bébà?"

Ó ní, "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, sà."

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, n kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò, màámi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun fi ojú ọ̀mọ̀wé wò ó. Ẹsẹ̀ lásán ni mo lè fi rìn dé ibẹ̀ láti iléèwé mi. Mo ní mò ń máàkì ìdánwò.

Nígbà tí mo délé, màámi kò jiyàn. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Adúmáadán ni bàbá rẹ fẹ́. Ṣé kí n wá di pupa nínú ulé Ọlọ́run?"

"Màámi, wọ́n ti ń sunkún yín."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí ukú bá dé lóòótọ́, wọn á ní àwọn ti sunkún mi tán."

Ẹgbẹ́ ní àwọn kò ní tún kàlẹ́ńdà tẹ̀. Mo mú màámi lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Obìnrin náà gbé igi olórí róbótó, ó ń tan ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ojú náà tó lè dúdú bó ṣe yẹ lórí bébà, ó ní láti pọ́n díẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Màámi dìde.

"Ó tún ti ń bó mi!"

Èmi tí mo wá jà ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibẹ̀. Ẹ dúró de bébà."

Àkọ́kọ́ jáde bí ẹni tó fi eérú kun ojú. Èkejì ṣì ṣú. Ẹ̀kẹta ni màámi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Dúdú ni, ó ń dán létí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú méjèèjì là.

"Ìyá mi rèé," ló sọ. "Háà, mo ti dàgbà o."

Ó ní kí wọ́n tẹ ojú náà ní kékeré, kó ṣe déédéé ibi tó ṣókùnkùn, kí wọ́n sì ṣe é púpọ̀. Ó ro sítáàsì tí yóò fi lẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, èmi ni mo mú sísọ́ọ̀sì dání.

"Ẹ kú ulé o. Mo wá lẹ ojú mi."

Bàbá kan pariwo pé, "Ẹ wá wo òkú tó ń lẹ bébà!"

"Ẹ sún, kí òkú rí ọ̀nà kọjá."

Mo fẹ́ kó máa lẹ̀ ẹ́ gún régé. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ojú náà a sì wọ́. Ní ilé kan, ńṣe ló dà bí ẹni ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ń bí mi síbẹ̀; gèlè àti kọ́là tó kù láìlójú ní àwọn ilé tí a kò ní dé kò kúrò lọ́kàn mi.

Ilé ààrẹ ẹgbẹ́ la parí sí. Ó ti fi férémù àti gíláàsì bo tirẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò ṣeé tú.

Màámi fi sítáàsì kun ẹ̀yìn bébà náà, ó na ọwọ́ sókè, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì.

Ààrẹ sún mọ́ ọn. "Ó wọ́ o."

"Èmi náà rí i," ni màámi wí, ó sì jókòó de omi tí wọ́n ń bù bọ̀ fún un.