Òkúta Tí Mo Tò fún Ìyá Mi

Ìyá mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, lójú ọ̀nà kan náà: láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa ní Bẹyẹrúnkà dé ìdí ewúro tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Bí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ pupa ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Orúnkún wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n má lọ wo ewúro àti ẹfinrin wọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mo ti padà sílé bàbá mi, mò ń ránṣọ, mo sì ń tọ́jú ìyá mi. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan ní Òkè Padre. Mo lọ bẹ onílé pé kó fún mi ní òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n hú nídìí ìpìlẹ̀. Ó ní kí n máa kó o, òun gan-an ń wá ẹni tó máa bá òun palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ẹnu agboolé, orí ara mi ni mo fi rù ú wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo da yanrìn sí i, mo fi ìtì igi gún un kó le. Mo wá ń to òkúta lé e, mo ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ń mì. Èyí tó bá mì, mo tún un tò. Nígbà tí mo parí, ìyá mi rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, wọn ò di ògiri mú. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí ojú fi ń tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Oríta-mẹ́rin. Ìgbà tí mo máa fi dé, ọ̀nà ti di kòtò. Àbúrò bàbá mi, tó dàgbà jù nínú agboolé, ló ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n kó òkúta náà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn òun. Ẹ foríjì mí bí mo ṣe ń pe àgbà ní "ó". Inú ló ń bí mi.

Mo kúnlẹ̀, mo béèrè ohun tí mo ṣe.

"Òkúta ni wọ́n fi ń pààlà," ó ní. "Ṣé o fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ni? Ilémoṣú ò gbọdọ̀ to nǹkan sórí ilẹ̀ ẹbí láìgbàṣẹ."

"Bàbá, ìyá mi ló ń ṣubú níbẹ̀."

"Kí wọ́n jókòó sílé."

Ilémoṣú. Èmi tí mi ò kọ ọkọ, tí ọkọ ò kọ̀ mí, ikú ló pín wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ìyá mi tún wá ní, "Fi sílẹ̀ fún un, àgbà ni." Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń fi nǹkan sílẹ̀ nínú ilé yẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé ṣì jókòó síwájú ilé, mo gbé òṣùká lérí, mo lọ síwájú ilẹ̀kùn àbúrò bàbá mi, mo gbé òkúta àkọ́kọ́.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Òkúta mi ni mò ń kó. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ gbà á lórí mi."

Kò dìde. Ìyàwó rẹ̀ ló dìde. Òun náà ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ rí, tí kò lè gbé apá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé òkúta kan mọ́yà, kò wojú ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ìyàwó ilé méjì míì dara pọ̀ mọ́ wa. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, a ti to ìdajì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àlejò wá kí àbúrò bàbá mi, ó sì mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ gba ibí, ẹ ò ní yọ̀. A ṣe é nítorí òjò."

"A" ló ní. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo wò ó títí tó fi bojú wẹ̀yìn. Ó ń bá àwọn àlejò rẹ̀ lọ, wọ́n ń yìn ín. Mi ò tíì dárí jì í.