Èènì Tí Sídí Bù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ra gàrí ní ọjà Shasha nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé fóònù lọ́wọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ kú ọjà o. Èló ni kóńgò kan lónìí?" Kò mú àpò dání, kò sì fọwọ́ kan gàrí náà wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ohùn ẹni tó ń béèrè iye ọjà tí kò ní rà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ pé oṣooṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wọ ọjà, tí wọ́n á máa béèrè iye nǹkan kan náà: gàrí, ìrẹsì, epo, ọṣẹ. Tí wọ́n bá kó ti gbogbo ọjà jọ, ibẹ̀ ni ìjọba ti ń mọ bí ọ̀wọ́n ọjà ṣe ń sáré tó.

Nígbà èwe mi, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fìlà rẹ̀ ti ṣá ló ń wá sí ọjà àdúgbò wa. Bàbá Èló là ń pè é. Àwọn ìyá ọlọ́jà rò pé agbowó-orí ni, wọ́n á sì bu iye ọjà wọn kù fún un.

"Bàbá, ọjà ò tà! Ọ̀fẹ́ la fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ń ta á!"

"Ẹ ṣeun. Ẹ wọn kóńgò kan fún mi nínú ọ̀fẹ́ náà."

Ìyá Sídí nìkan ni kì í parọ́ fún un. Opó ni, ìyá ọ̀rẹ́ mi sì ni. Èmi àti Sídí jọ ń lọ ilé-kéú ní Ìdímù, wàláà kan náà la jọ ń kọ kéú sí. Ìsọ̀ gàrí yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, òun ló sì ń mú wọn dúró ládùúgbò wa. Ìyá Sídí á wọn gàrí títí orí kóńgò á fi ga bí òkè, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bí èènì, á ní, "Alhamdulillahi."

Lọ́dún tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, kò fi owó lé ọjà rẹ̀, kí àwọn oníbàárà má bàa sá. Ó wá ní kí Sídí máa bu èènì dípò òun. Ọwọ́ ọmọdé kéré. Kò sẹ́ni tó fura, àfi Bàbá Èló.

"Ìyá Sídí, kí ló ṣe ọwọ́ tiyín?"

Àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i pé kó má sọ. "Bàbá, nǹkan ti wọ́n," ló sọ. "Ibi èènì ni mo ti dín in kù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá kọ ọ́. Ó ṣàlàyé fún un pé irú òótọ́ yìí ni ìjọba fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí owó-oṣù lé sí i, àti ìgbà tó yẹ kí owó èlé báńkì gòkè kí ọ̀wọ́n lè rọlẹ̀.

Owó èlé gòkè lóòótọ́. Báńkì kékeré tí Ìyá Sídí ti ń yá owó ra gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí tí agbára rẹ̀ ò ká. Èsúsú ni àwọn yòókù ń dá, wọ́n ń tajà wọn lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé-kéú dé, pákó lásán ni mo bá ní ìsọ̀ náà, wàláà wa sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti kó lọ sí ìlú wọn. Ìyá kan yínmú, ó ní, "Ẹnu ẹ̀ ló kó bá a jàre." Mi ò rí Sídí mọ́.

Ọlọ́run ti ṣe fún mi, mi ò sùn lébi rí. Mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹnu obìnrin kan ò lè gbé owó èlé orílẹ̀-èdè sókè. Síbẹ̀, mi ò lè rí kóńgò tó kún kí n má rí ọwọ́ kékeré kan lórí rẹ̀.

Fóònù ti gba ipò bíró báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò yí padà. Ẹ̀rù rẹ̀ náà ò lọ. Obìnrin tó ń ta gàrí fún mi, tí mo lè bí lọ́mọ, rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Màmá, ṣé kí n sọ òótọ́ fún un?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń bu èènì lọ́wọ́. Gàrí ń jábọ́ láàárín ìka rẹ̀.

"Sọ òótọ́, ọmọ mi. Sọ ti ọwọ́ ọmọ ẹ náà."

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbójú sókè kúrò lórí fóònù rẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọ wo, màmá?"