Oyún Tí Mo Fi Polówó

Aṣọ aláboyún ni mò ń rán tà, èmi fúnra mi sì lóyún, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí mo bá ń jáde nílé wa ní Agbowó láàárọ̀, ìborùn gbọọrọ ni mo máa ń fà sílẹ̀ láti èjìká dé orúnkún, n óò sì gbé báàgì ńlá síwájú ikùn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà, ẹ̀yìn tábìlì ni mo máa ń jókòó sí títí a ó fi ṣíwọ́. Àwọn télọ̀ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé mo kàn sanra ni. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dín ìrẹsì kù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Oyún méjì ló ti ṣẹ́ mọ́ mi lára ṣáájú èyí. Àkọ́kọ́ kò tíì yọ rárá tó fi lọ. Èkejì ni gbogbo àdúgbò mọ̀, tí wọ́n ń kí mi lójú títì pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Nígbà tí mo padà dé láti ọsibítù lọ́wọ́ òfo, iwájú ilé àwọn kan náà ni mo ní láti gbà kọjá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún.

Ẹlẹ́yẹlé ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Àlàájà ni wọ́n, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Òfin tí wọ́n fún mi kò pọ̀. Kí n má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kí n má ra nǹkan ọmọ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Kí n má sì jáde láìfi pínnì há ara aṣọ níbi ikùn, nítorí ohun tí a kò fojú rí tó ń rìn lójú ọ̀nà. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo sì lè fi odindi ọjọ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ pínnì yìí. Ṣùgbọ́n mo há a. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ sílé, mo lè dé ìdajì ọ̀nà kí n tún yí padà.

Ọjà ni kò tà nígbà náà. Mo ti ṣí ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èèyàn ti lè rí aṣọ mi kí wọ́n sì rà á níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ní ọ́fíìsì ní Challenge, ló bá mi ṣe é; iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn oníṣòwò fa èrò wá sórí ìkànnì wọn. Ó fi ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka iye àwọn tó wọlé hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wò, wọ́n sì ń jáde láìra nǹkan kan. Àwọn tó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: báwo ni aṣọ yìí ṣe ń rí lára aláboyún gidi? Dọ́lì oníke kan tó ga bí èèyàn tí mo rà ní Dùgbẹ̀ la máa ń wọ aṣọ sí lára fún fọ́tò, ìrọ̀rí la sì ń dì mọ́ ọn níkùn. Ìrọ̀rí náà a sì máa yẹ̀. Nínú fọ́tò kan, ńṣe ló dà bí ẹni pé oyún dọ́lì náà wà ní ìbàdí.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí a wá aláboyún kan, kí a sanwó fún un. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn á ti mọ ohun tí ojú wa rí. Obìnrin kan ní àdúgbò wa ti da aṣọ bo ikùn rẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ tán. Òmíràn jẹ́ olùkọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó máa ń sọ pé òun kò gba irú ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun yóò bi ọkọ òun. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lókèèrè, òdìkejì títì ló ń gbà. N kò bínú sí i. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi han ayé, èmi náà ń fi ìborùn bò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àṣírí tú. Ọ̀rẹ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti nawọ́ sókè láti gbé aṣọ kọ́, ìborùn mi sì wà lórí àga. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Inú rẹ̀ dùn gidi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ọ̀rọ̀ òwò yọjú sí i lọ́kàn.

"Ìwọ gan-an ńkọ́?" ló wí. "A ò kúkú ní ya ojú ẹ."

Mo ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ náà, onílé rán mi létí pé owó ṣọ́ọ̀bù ti tó san, ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ sì rọra béèrè bóyá kí òun wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá fẹ́ ni kí n ṣe. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń yọ ọrùn ara wọn nìyẹn. Àwọn àgbà ló sì wí pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Mo pe ọ̀rẹ́ mi padà.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù la ti yà á. Mo wọ gáùn aláwọ̀ ewé kan, mo gbé ọwọ́ òsì lé ikùn, a sì gé fọ́tò náà láti ọrùn. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní pínnì yẹn ń tàn yanran, ó ń ba ẹwà aṣọ jẹ́, kí n yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mo yọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá tí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ọ́dà aṣọ ń wọlé láti Akobo, láti Èkó, láti Ìlọrin, àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Àwọn télọ̀ kò ráyè jẹun ọ̀sán, ọlọ́kadà tó ń bá wa gbé ẹrù ń pààrà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi ń fi iye èrò tó wọlé ránṣẹ́ sí mi bí ẹni ń kéde èsì ìdìbò. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Tẹ́lẹ̀, kọ́sítọ́mà ni mò ń pe iye tí ẹ̀rọ ń kà yẹn. Nísinsìnyí, ojú ni mò ń rí, ojú rẹpẹtẹ tí n kò mọ ẹni tó ni wọ́n, tí gbogbo wọn ń wo ikùn mi, n kò sì mọ èyí tó ń fi ìfẹ́ wò ó àti èyí tó ń fi ìlara wò ó. Bí ọmọ bá tàpá, n óò dá iṣẹ́ dúró títí yóò fi tún tàpá.

Lọ́jọ́ kan, Màmá dé láti Ẹlẹ́yẹlé láìpè wá tẹ́lẹ̀. Fọ́tò náà ti dé orí wáásáàpù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ pé aṣọ yìí yóò dára fún ọmọ òun. Kò sí ojú nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá ayọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì mi, Màmá ló sì fi oyin tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ egbò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n na fóònù náà sí mi, wọ́n ní, "Pínnì dà?"

Mo ní ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi yọ ọ́. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo ayé ń wò láti ọjọ́ yìí.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ọ̀rẹ́ mi pé kó yọ fọ́tò náà kúrò, ó sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rọra là á yé mi pé èyí tó wà lórí ìkànnì tiwa nìkan ni agbára òun ká. Àwọn ọlọ́jà mìíràn ti jí i gbé sórí ìkànnì tiwọn. Ikùn mi ń bá àwọn tí n kò mọ̀ rí ta aṣọ tí n kò rán. Mo jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún ò wá.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ kan dé tí ọmọ kò mira. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró dè é. Mo mu omi tútù, mo fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Bí èkejì náà ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ọkọ mi yà gbé Màmá ní Ẹlẹ́yẹlé, ó sì gbé wa lọ sí ọsibítù kan ní Ring Road, èmi àti Màmá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wọn kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, ó tẹ́tí, ó sún un síbòmíràn, ó tún tẹ́tí. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ nǹkan. Ó ní dókítà ni yóò bá mi sọ̀rọ̀, kí n lọ jókòó de àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo inú ikùn.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Màmá ti béèrè ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fọ́tò mi. Kéú ni wọ́n kà, wọn ò ka ìwé òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi ti kó àwọn ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ọjà ń tà, n kò sì láyà láti kà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n nísinsìnyí. Àwọn tó sọ̀rọ̀ aṣọ kò tó nǹkan. Ẹnìkan kọ ọ́ pé àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, Màmá ní àmín. Ẹlòmíràn ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín. Ẹlòmíràn ní wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi. Obìnrin kan láti òkè òkun ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ọmọ, òun fi ìgbàgbọ́ fọwọ́ kan ikùn yìí, kí ayọ̀ ẹni tó ni ín kárí òun náà. Àmín tí Màmá ṣe sí ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún, àwọn tó jókòó tì wá sì bá wọn ṣe é.

Bí mo ṣe ń kà bọ̀ ni mo bá ọ̀kan pàdé. N kò kà á síta. Mo fi ẹnu ara mi dá àdúrà kan sí ipò rẹ̀, mo ní Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Màmá ní àmín, ṣùgbọ́n wọ́n rọra ṣe é. Wọ́n kọjú sí mi.

"Kí ni ẹni yẹn kọ gan-an?"

Mo ní ohun tí mo kà náà ni. Wọ́n ní ohùn mi yí padà, kí n kà á bó ṣe wà. Mo wá kà á: "Ṣé ó dá a lójú pé yóò gbé e délé ni, tó fi ń gbé e kiri ọjà?"

Màmá di ojú. Wọ́n fi ọwọ́ kan pínnì ara aṣọ mi wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kò kéré sí tèmi.

"Yóò gbé e délé," ni wọ́n fi dá a lóhùn, bí ẹni pé ẹni náà jókòó níwájú wa. Wọ́n wá ní, "Ka òmíràn."

Mo ṣì ń kà nígbà tí wọ́n pè mí wọlé. Dókítà yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló tẹ ibì kan, mo sì gbọ́ ọ, kì-kì-kì-kì, kíákíá, bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń sáré. Ó ní ibi ọmọ ló wà níwájú, ló bo ọmọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára dáadáa nígbà mìíràn. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi jálẹ̀kùn wọlé, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́.

A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni, ó ti ń rákò báyìí, ó sì lágídí. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi. Bó bá sùn pẹ́, mo máa ń gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀ wò bóyá ó ń mí.

Ọjà kò tún fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní aṣọ ọmọdé ló kù tó lè fa èrò padà wá sórí ìkànnì wa, pàápàá bí ọmọ aláwọ̀ ewé ìjọsí bá wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pe èmi tí mo wọ gáùn aláwọ̀ ewé níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń béèrè mi. Mo rò pé Màmá yóò kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti yí padà láti orí bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n ní ojú tó rí ọmọ náà nínú ikùn, tó ṣe àmín fún un, ó yẹ kó rí i láyé. Lánàá, Màmá fúnra wọn ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ gáùn tuntun fún un, wọ́n sì gbé e jókòó síwájú mi.

Mo gbé fóònù sókè. Ọmọ náà rí i, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì sí gbogbo àwọn tí n kò mọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo ní bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ ó kún dẹ́nu. Màmá wò mí, wọ́n bọ́ gáùn náà lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má bàa rún, wọ́n ní kò sí wàhálà, a ó yà á lọ́la.